Ta Ni Ó Tún Ń Ṣí Atúmọ̀ Èdè Yorùbá?

Ẹ̀sùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́ èdè ní òde òní: wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣí atúmọ̀ èdè mọ́. Wọ́n ní ìwé náà wà lórí pẹpẹ ní ilé-ìkàwé, eruku ti bò ó, fóònù ni gbogbo ènìyàn sì ń tẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kan bá rú wọn lójú. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnìkan ni a ti gbọ́ ọ. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a óò bá dá ẹjọ́ náà bí ó ti tọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣí ìwé nìkan ni ó yẹ kí a pè síwájú. Ó yẹ kí a pe ìwé náà pẹ̀lú, kí a bi í léèrè ohun tí ó ní nílé fún ẹni tí ó bá wá a wá, àti bí ọ̀nà ilé rẹ̀ ti rí.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé wíwá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí London tàbí sí Amẹ́ríkà ń fẹ́ mọ ohun tí orúkọ rẹ̀ dúró fún. Akọ̀ròyìn ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ka ìròyìn. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìwé tí a yàn fún ìdánwò, ó sì ń kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀, láti ìgbà náà ni ó sì ti rọrùn fún ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ láti béèrè ìtumọ̀ láìdìde lórí ìjókòó. Nítorí náà, kì í ṣe ìfẹ́ láti mọ ìtumọ̀ ni ó ń kú. Ohun tí ó ń kú ni sùúrù láti dúró ti ọ̀rọ̀ kan: kí ènìyàn wo ohùn rẹ̀, kí ó wo bí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀, kí ó wo àwọn ìbátan rẹ̀, kí ó sì wo gbólóhùn tí ó ti ń jẹ yọ. Ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, tí a sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan dá a lóhùn, ó ti rí èsì gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí ó béèrè.

Kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi nítorí èyí, ó yẹ kí a rántí pé àṣà fífi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan dáhùn fún ọ̀rọ̀ Yorùbá kan kò ti ọwọ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Inú àwọn atúmọ̀ èdè fúnra wọn ni ó ti wá. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní 1852 ó tún un ṣe, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú sí i. T. J. Bowen, ajíyìnrere ará Amẹ́ríkà, tẹ gírámà àti atúmọ̀ èdè tirẹ̀ jáde ní Washington ní 1858. Ní 1913 ni ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ èyí tí ó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jù lọ. Oxford University Press tún un tẹ̀ ní 1950, òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ń rántí bí a bá dárúkọ atúmọ̀ èdè Yorùbá.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ìwé wọ̀nyí. Crowther ní pàtàkì ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a máa yìn ín fún: ó fi òwe sí abẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, kí òǹkàwé lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò fún jù lọ, a óò rí i pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ mọ èdè rẹ̀ jinlẹ̀ ni. Ajíyìnrere tí ó fẹ́ wàásù ni, àti ẹni tí ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, àti akọ̀wé tí ó ń sọ̀rọ̀ láàrin ìjọba àti ará ìlú. Ọ̀nà láti inú èdè kan bọ́ sí inú èdè kejì ni wọ́n là. Wọn kò ṣe ìlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn.

Ọ̀rùn àwa tí a jogún ìwé náà ni ẹ̀bi wà, nítorí a sọ afárá di ilé. Ìpalára rẹ̀ hàn gbangba nínú àròkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó ń lò fún gbogbo ohun tí ènìyàn bá fi bo ara. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀wù ni à ń wọ̀, fìlà ni à ń dé, gèlè ni à ń wé, ìró ni à ń ró, bàǹtẹ́ ni à ń sán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti apá Gẹ̀ẹ́sì wọ inú atúmọ̀ èdè, tí ó sì mú ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ bá pàdé, yóò kọ ọ́ pé ìyàwó wọ gèlè, ọkọ rẹ̀ sì wọ fìlà. Ohun tí ó ní lọ́kàn kò ní ṣòro láti mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà kan tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní fajú ro.

Bákan náà ni ó rí nínú ọ̀rọ̀ ìbátan. Ohun tí Yorùbá kọ́kọ́ ń fẹ́ mọ̀ láàrin ọmọ ìyá ni ẹni tí a kọ́kọ́ bí. Nítorí náà ni a fi ní ẹ̀gbọ́n, tí a sì ní àbúrò. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń fẹ́ mọ̀ ni èyí tí ó jẹ́ ọkùnrin àti èyí tí ó jẹ́ obìnrin. Ọmọ tí ó bá gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì wá yóò bá “arákùnrin” àti “arábìnrin” pàdé, yóò sì kọ “arákùnrin mi àgbà” níbi tí “ẹ̀gbọ́n mi” ti tó. Ìwé gírámà kò lè dá a lẹ́bi, nítorí gbólóhùn náà gún. Ohun tí ó sọnù níbẹ̀ ni ètò àgbà àti ọmọdé tí èdè náà ti gbé sínú ọ̀rọ̀ ẹyọ kan.

Bí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ bá rí báyìí, kí ni a óò sọ nípa ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní 1938, kò ní tíì kọjá èèpo ẹ̀yìn ìwé náà kí ìbéèrè tó dé: kí ni irúnmalẹ̀? Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé yìí sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, kò mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pe ẹ̀mí búburú bí a ti ń kọ ọ́ lásán. Àkọtọ́ àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ní ni ó yàn, kí òǹkàwé má baà rò pé èṣù inú ìwàásù ni à ń wí. Bí òǹkọ̀wé tí ó gbọ́ èdè méjèèjì dé ibẹ̀ bá ní láti ṣa ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó dájú pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kò lè tán irúnmalẹ̀ nílẹ̀. Àlàyé ni ó ń fẹ́, ibi tí ó sì yẹ kí àlàyé náà ti kọ́kọ́ wá ni inú Yorùbá fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàì hàn sí àwọn tí ó ṣáájú. Ní ọdún 1958, ìwé méjì jáde tí ó fi ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn. Èkíní ni ti R. C. Abraham, òyìnbó onímọ̀ èdè tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí Hausa àti Tiv. Ìwé rẹ̀ lé ní 700 ojú-ìwé, kò sì sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ tí ó ní ọrọ̀ tó o. Igi àti ewé wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń pè wọ́n. Ẹyẹ, oúnjẹ, oyè àti òrìṣà wà níbẹ̀. Àwòrán wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì ni Atúmọ̀ Ede Yoruba ti Isaac O. Delano, ẹni tí ó ti kọ ìtàn Aiyé d’Aiyé Òyìnbó ní 1955. Ìwé kékeré ni èyí ní ẹ̀gbẹ́ ti Abraham, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí ti Abraham kò ṣe: Yorùbá ni ó fi túmọ̀ Yorùbá.

Bí a bá gbé méjèèjì lé orí òṣùwọ̀n, ó rọrùn láti yin èyí tí ó wúwo. Síbẹ̀, ohun àjèjì kan wà nínú ọrọ̀ ìwé Abraham. Àgbẹ̀ tí ó mọ ewé tí a kọ sínú rẹ̀ kò lè kà á bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì lè kà á, kò mọ ewé náà bí ó bá rí i lẹ́bàá ọ̀nà. Ìmọ̀ Yorùbá wà níbẹ̀ jìngbìnnì, ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà tí a fi ń wọlé kì í ṣe ti Yorùbá. Ní ti Delano, ẹnu-ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún onílé, ṣùgbọ́n ẹrù inú ilé kò pọ̀ tó. Ìdájọ́ tí ó tọ́ ni pé ọ̀nà Delano ni ó yẹ kí a máa tọ̀, ẹrù Abraham ni ó sì yẹ kí a rù gba ibẹ̀ kọjá. Láti 1958 wá, ọ̀pọ̀ ìwé ni a ti kọ tí ó tún ń túmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí Delano là kò rí èrò tó bẹ́ẹ̀.

Ó kù kí a wo bí ọ̀nà ilé ìwé náà ti rí fún ẹni tí ó fẹ́ débẹ̀. Ìṣòro kìíní ni ti àkọtọ́. Ìwé ti 1913 ti wà pẹ́ kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ọmọ tí ó bá ń wá ẹyẹ níbẹ̀, ẹiyẹ ni yóò bá. Ayé wà ní aiye, ènìyàn sì wà ní enia. Bí a kò bá sọ fún un, yóò pa ìwé dé, yóò ní ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀.

Ìṣòro kejì wà nínú bí a ti ń to ọ̀rọ̀. Ní Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, kọ́ńsónáǹtì ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe. Nítorí náà kọ̀wé wà lábẹ́ k, akọ̀wé wà lábẹ́ a, ìkọ̀wé sì wà lábẹ́ i: ọmọ ìyá mẹ́ta, ilé mẹ́ta. Ìṣòro kẹta sì le jù wọ́n lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kà á pé ọmọkùnrin kan “ba orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́”. Ó lọ wo ba, ó rí i pé ó jẹ mọ́ kí ènìyàn lúgọ; ó lọ wo jẹ́, ó rí èyí tí à ń lò nínú “ó jẹ́ olùkọ́”. Kò sí èyí tí ó là á lọ́yẹ̀, nítorí bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wá, àbọ̀ sì ti wọ àárín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbàgbọ́ ṣe ń pín sí méjì nínú “ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́”, tí tànjẹ sì ń pín sí méjì nínú “ó tan ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ”. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan nínú ṣẹ́gun àti ránṣẹ́, ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé ogun àti iṣẹ́ wà nínú wọn kò ní mọ ìdí tí ìtumọ̀ wọn fi rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan lè fi èyí ṣe ìdí láti pa atúmọ̀ èdè tì. Òdìkejì rẹ̀ ni ó tọ́. Ẹni tí ó bá ti wá bàjẹ́ títí tí ó fi rí i, ó ti kọ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ti ń pín níyà, ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ìbá fi odidi wákàtí kan ṣe àlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lọ sí ilé mẹ́ta nítorí kọ̀wé, ó ti mọ bí a ti ń fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Wíwá ọ̀rọ̀ nínú atúmọ̀ èdè Yorùbá, ẹ̀kọ́ gírámà ni. Ohun tí ó burú ni pé a kò kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ti ń wá a, lẹ́yìn náà ni a wá ń bá wọn wí pé wọn kò wá a.

Ní ti fóònù, kò yẹ kí a bú u ju bí ó ti yẹ lọ. Ó dé ibi tí ilé-ìkàwé kò sí, kò sì béèrè pé kí ènìyàn mọ ètò ábídí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fún un ni yóò fi ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ Yorùbá sórí rẹ̀ kì í sì í fi àmì ohùn sí i. Ẹni tí ó bá tẹ igba láìsí àmì ti béèrè ohun márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà: igba tí í ṣe ogún lọ́nà mẹ́wàá, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ń kọjá lọ, igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, àti ìgbá tí à ń sè jẹ. Ẹ̀rọ ní láti yan ọ̀kan, ẹni tí kò mọ̀ sì ní láti gbà á gbọ́. Nínú atúmọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ márààrún tẹ̀ lé ara wọn lójú ìwé kan náà. Ẹni tí ó wá ọ̀kan kò lè ṣàì rí mẹ́rin yòókù, kò sì lè ṣàì mọ̀ pé ohùn ni ó yà wọ́n.

Àwọn mìíràn yóò ní Yorùbá kò nílò ìwé láti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí àgbà wà. Òótọ́ ni pé ẹnu àgbà ni gbogbo atúmọ̀ èdè ti jáde. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà kan tí ó mọ gbogbo rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ mọ ẹwìrì tí a fi ń fẹ́ná, ó mọ ẹ̀mú àti ọmọ owú. Aláró mọ èlú àti bí a ti ń rẹ ẹ́. Ahunṣọ mọ̀ pé ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun ìjà nìkan, nítorí ọ̀kọ̀ ni orúkọ ohun tí ó ń jù láàrin òwú lórí òfì. Ọ̀kan nínú wọn lè má mọ ọ̀rọ̀ èkejì. Èdè Èkìtì ń pe ilé ní ulé, ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò bá sì dé ibẹ̀ rí lè má mọ̀ ọ́n. Inú ìwé nìkan ni gbogbo àwọn àgbà wọ̀nyí ti lè jókòó pọ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń kọ́ Yorùbá ní ìlú ńlá lónìí kò sí lọ́dọ̀ àgbà kankan, àgbẹ̀dẹ tí ìbá fi ẹwìrì hàn wọ́n sì ti di oko ìtàn.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó wà nílẹ̀. Ti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí ó gbé atúmọ̀ èdè wọ inú kíláàsì, kí ó má fi í sílẹ̀ fún ilé-ìkàwé. Ọ̀rọ̀ kan péré lọ́sẹ̀ tó: kí àwọn ọmọ wá a pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí wọ́n wá àwọn ìbátan rẹ̀, kí wọ́n sì fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀ láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ọmọ tí ó bá gbìyànjú láti fi Yorùbá ṣàlàyé ìtìjú tàbí àánú yóò mọ̀ láìpẹ́ pé gbígbọ́ ọ̀rọ̀ àti mímọ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Iṣẹ́ kejì jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bí ọlidé bá dé, kí olúkúlùkù mú iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú rẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, àlàyé ní Yorùbá, gbólóhùn kan láti ẹnu oníṣẹ́ náà, àti orúkọ ìlú tí a ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ náà pọ̀ jù, kí ó wo atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá ti Oxford: ọ̀pọ̀ òǹkàwé tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ń fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú rẹ̀, ìpín rẹ̀ kìíní jáde ní 1884, kò sì parí títí di 1928. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó wà lókè yìí kò pamọ́. Ẹni tí a bá kọ́ ní bí a ti ń ṣí atúmọ̀ èdè, tí ó sì bá ohun tí ó wá pàdé nínú èdè tirẹ̀, kò ní yé ṣí i, ì báà jẹ́ lórí bébà tàbí lórí fóònù. Bí a kò bá kọ́ ọ, tí a kò sì ṣe ìwé tí ó yẹ fún un, yóò máa wá ìtumọ̀ kiri síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì máa bá nígbàkúùgbà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba ìwé ẹ̀rí nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n bí àlejò ti í mọ ilé onílé ni yóò ṣe mọ èdè rẹ̀.